Kí ni iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá sẹ́tì-písì, irú ènìyàn wo ló sì ń ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Iléṣà, èmi náà ni mo sì ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò pé Arsenal ní kóòṣì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kọ́nà àti firíkíìkì lọ. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣe? Níbo ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, ṣé dandan sì ni kí ó ti fi bọ́ọ̀lù gbígbá jẹun rí? Ǹjẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ kan àwa tí a wà níbí?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Ìbéèrè yín bọ́ sí àsìkò, nítorí pé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ọmọdé tó ń wo bọ́ọ̀lù ní Lágéré àti ní Sábó ti ń dá orúkọ ẹni tó ń kọ́ni ní kọ́nà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń dá orúkọ atamátàsé mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ọgbọ́n àyínìke ni oníṣẹ́ yìí ń tà, pé ó ní ìwé kan tó kún fún àwòrán, tí ó sì ń fa ọ̀kan yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwòrán wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó lè ya àwòrán kọ́nà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tó lè mú kí agbábọ́ọ̀lù mẹ́wàá ṣe ohun tí ó yà náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, nígbà tí àyà ń já tí ariwo sì gba gbogbo pápá, òun ló ṣọ̀wọ́n. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni màá dúró lé láti dáhùn gbogbo ohun tí ẹ béèrè.

Sẹ́tì-písì ni gbogbo bọ́ọ̀lù tí a gbé kalẹ̀ tàbí tí a fi ọwọ́ mú kí eré tó tún bẹ̀rẹ̀: kọ́nà, firíkíìkì, tiróìn, pẹnáritì, títí kan èyí tí aṣọ́lé ń gbá láti iwájú ilé rẹ̀ àti èyí tí a fi ń ṣí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láàárín pápá. Ní gbogbo àkókò yòókù, bọ́ọ̀lù ń sáré, alátakò ń sáré, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí i. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dúró sí igun pápá, ikọ̀ kan ṣoṣo ló mọ ìgbà tí yóò gbéra àti ibi tí yóò balẹ̀ sí. Òfin tún gbè wọ́n lẹ́sẹ̀: alátakò gbọ́dọ̀ fi mítà 9.15 jìnnà sí bọ́ọ̀lù kọ́nà àti ti firíkíìkì, kò sì sí ọ́fúsáìdì fún ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù tààrà láti kọ́nà, láti tiróìn, tàbí láti góòlù-kíìkì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ènìyàn ní ohun pàtó kan tí yóò ṣe ní ojú pápá, ibí yìí ni bọ́ọ̀lù ti fún un láyè jù lọ.

Nínú àwọn líìgì ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta góòlù ló ń ti ara sẹ́tì-písì wá. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018 ní Rọ́ṣíà, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá bí a bá ka pẹnáritì mọ́ ọn. Góòlù 12 ni ikọ̀ England jẹ níbẹ̀, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ sẹ́tì-písì. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Ẹ rántí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti Sípéènì ní ìlú Nantes, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1998. Fernando Hierro fi firíkíìkì jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Sípéènì. Kò pẹ́ sí i tí Mutiu Adépọ̀jù, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n sọ ní Headmaster nítorí bí ó ṣe ń fi orí kan bọ́ọ̀lù, fi orí kan kọ́nà wọlé. Góòlù Sunday Oliseh tí ó fún wa ní ìṣẹ́gun, tí àwọn bàbá ṣì ń ròyìn rẹ̀ fún ọmọ títí di òní, láti ara tiróìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọlé, Hierro fi orí lé e jáde, ó sì bọ́ síwájú Oliseh. Góòlù márùn-ún ló wọlé lọ́jọ́ náà, mẹ́ta ló tinú bọ́ọ̀lù tí a ti dá dúró jáde.

Idà náà lójú méjì. Ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tó wáyé ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, William Troost-Ekong fi orí kan kọ́nà, Nàìjíríà ṣáájú. Lẹ́yìn ìsinmi, Franck Kessié náà fi orí kan kọ́nà tí ó dé òpó kejì, ìyẹn òpó ilé tó jìnnà sí igun tí wọ́n ti gbá a, kò sí ẹni tó dúró tì í, Ivory Coast dọ́gba, lẹ́yìn náà ni Sébastien Haller fi góòlù kejì gba ife lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó dá atamátàsé wa lẹ́bi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní tèmi, góòlù Kessié ni mo tún wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ìbéèrè ta ló yẹ kó wà pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè tí ó yẹ kí a ti dáhùn ní pápá ìgbaradì.

Nítorí pé ìṣirò ni iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí tí àwọn ikọ̀ olówó fi ń gba irú òṣìṣẹ́ yìí. Nínú ọgọ́rùn-ún kọ́nà, èyí tó ń di góòlù kì í sábà ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ikọ̀ kan nínú Premier League ń gba bí kọ́nà márùn-ún nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni wọ́n sì ń gbá ní sáà kan. Ìyẹn jẹ́ kọ́nà 190, tí a lè retí góòlù mẹ́fà sí méje nínú rẹ̀. Ní sáà 2023/24, góòlù 16 ni Arsenal fi kọ́nà jẹ. Òótọ́ ni pé Arsenal máa ń gba kọ́nà ju ikọ̀ mìíràn lọ, nítorí náà kì í ṣe gbogbo àlékún náà ni a lè kà sí ọwọ́ kóòṣì kan, síbẹ̀ góòlù tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìyẹn kúrò kì í ṣe kékeré. Àmì ayò 89 ni Arsenal fi parí sáà náà, Manchester City ní 91. Nígbà tí àlàfo láàárín ẹni tó gba ife àti ẹni tó pàdánù rẹ̀ bá tó báyìí, owó oṣù ẹni tó lè mú góòlù díẹ̀ wá kò ní wọ́n ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mìíràn nínú ìṣirò náà. Bí iṣẹ́ náà bá lọ dáadáa, ọ̀pọ̀ jù lọ firíkíìkì àti tiróìn ni kì í di góòlù, kọ́nà tó dára jù lọ pàápàá ń kùnà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tí kò ní sùúrù, tí ó ń pa àwòrán rẹ́ lẹ́yìn ìkùnà méjì, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí kò ṣiṣẹ́ nítorí pé kò dára àti ohun tí kò tíì ṣiṣẹ́ nítorí pé ìgbà rẹ̀ kò tíì tó.

Ó wá kan ohun tí ó ń fi ọ̀sẹ̀ ṣe. Fídíò ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wo gbogbo bọ́ọ̀lù àgbékalẹ̀ inú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kọjá, ti ikọ̀ rẹ̀ àti ti alátakò, yóò sì kọ ohun tí olúkúlùkù ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò yí ojú sí ikọ̀ tí wọ́n máa bá pàdé. Bí ọ̀ta ayò ṣe ń ka ọmọ ayò inú ilé alátakò kó tó gbé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun náà yóò máa kà wọ́n: ènìyàn mélòó ni wọ́n ń fi sí ìlà iwájú aṣọ́lé? Ta ni wọ́n fi sí òpó ìtòsí? Ṣé olúkúlùkù ń ṣọ́ ààyè ni, àbí ó ń tẹ̀ lé ẹnì kan? Aṣọ́lé wọn ńkọ́, ṣé ó máa ń jáde gbá bọ́ọ̀lù, àbí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìlà? Ènìyàn mélòó ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́nà jíjìn láti fi sáré lọ sí òdìkejì? Ta ni ó máa ń wo bọ́ọ̀lù títí tí ẹni tí ó ń ṣọ́ yóò fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bíi mélòó kan ni yóò wò kó tó lè dáhùn wọ̀nyí, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè wò ó tán fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Hudl àti Wyscout ti mú kí wíwá fídíò rọrùn ju ti àtijọ́ lọ.

Nínú gbogbo ohun tí ó bá rí, méjì tàbí mẹ́ta péré ni yóò mú lọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà. Ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti máa ń ṣe pàtàkì ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí pé àkókò ìgbaradì kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀gá ló ni ín, àwọn kóòṣì mìíràn náà sì ń tọrọ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún un, nígbà mìíràn ní ọjọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, nígbà tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi àwòrán hàn wọ́n kíákíá, kí ó mú wọn rìn ín ní jẹ́jẹ́ lójú pápá, kí wọ́n sá a díẹ̀, kí wọ́n tó wá ṣe é bí ẹni pé alátakò wà níwájú. Lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti wọlé lọ wẹ̀, òun àti ẹni tó ń gbá kọ́nà náà ni yóò ṣẹ́kù ní pápá, nítorí pé bí bọ́ọ̀lù kò bá balẹ̀ síbi tó yẹ, gbogbo àwòrán yòókù di asán.

Ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ó ń lẹ ìwé mọ́ ògiri yàrá ìmúra, orúkọ olúkúlùkù àti ààyè rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ènìyàn, ẹni tó ń wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ìwé náà, torí pé ẹni tó ń jáde ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú kọ́nà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jogún iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ ó ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé nígbà tí Arsenal bá gba kọ́nà, Nicolas Jover, kóòṣì sẹ́tì-písì wọn, ni yóò dìde wá sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, tí Mikel Arteta, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, yóò sì fà sẹ́yìn. Òfin ló fa ìyẹn: ẹnì kan ṣoṣo ni a gbà láyè láti máa darí àwọn agbábọ́ọ̀lù láti ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ́nà Arsenal yẹn fínnífínní. Bùkáyọ̀ Saka tí í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ òsì ń gbá a láti apá ọ̀tún, Declan Rice tí í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún ń gbá a láti apá òsì, nítorí náà bọ́ọ̀lù yóò máa tẹ̀ wọ inú síhà ojú ilé, ẹni tó bá kàn án díẹ̀ lè sọ ọ́ di góòlù, àní agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó fẹ́ lé e jáde pàápàá lè gbá a wọlé ara rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kàn án kì í dúró síbi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀. Wọ́n á kó jọ sí ọ̀kánkán òpó kejì, níbi tí alátakò ti máa ń ka ewu sí kékeré, wọ́n á wá sáré papọ̀ gba iwájú. Gabriel Magalhães ni ó sábà máa ń kẹ́yìn wọn, nítorí pé ẹni tó sáré wá fò ju ẹni tó dúró lójú kan lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnì kan, Ben White ló sábà máa ń jẹ́ ní sáà tí mo wí yìí, ti dúró sẹ́bàá aṣọ́lé tí kò jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Ẹlòmíràn dúró sí ojú ọ̀nà agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ga jù. Àwọn méjì tàbí mẹ́ta wà lẹ́yìn àpótí ńlá láti gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá lé jáde, kí alátakò má baà fi í sáré.

Àwọn kan ń bínú sí ìdúró sẹ́bàá aṣọ́lé yẹn, wọ́n ní ó ń ba eré jẹ́. Ohun tí òfin wí yé mi: agbábọ́ọ̀lù lẹ́tọ̀ọ́ sí ibi tí ó bá dúró sí, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí kúrò níbẹ̀ kí ó lè dínà fún ẹlòmíràn nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí nítòsí, tàbí tí ó bá di aṣọ mú, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Rẹfirí ló yẹ kó fọn fèrè. Ní tèmi, èmi kì í kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní dídì mú, nítorí mo ti rí i pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ kọ́ dídì mú kì í kọ́ bí a ṣe ń sáré dé lásìkò mọ́.

Dídé lásìkò yìí gan-an ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí mo ń ran àwọn ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ tó ga jù nínú wọn máa ń dé òpó ìtòsí kí bọ́ọ̀lù tó dé, yóò wá dúró máa fò lójú kan, ẹni tó kúrú jù ú lọ yóò sì bá a dù ú. Ariwo tí a ń pa mọ́ ọn kò ṣe nǹkan kan. A wá fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ṣófo, tí a fi òkúta lé lórí, sàmì sí ibi tí yóò ti gbéra, a sì ní kó má wo bọ́ọ̀lù rárá, kó máa wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá a. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ìdúró onítọ̀hún bá tẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù ni kó tó sá. Ó kọ́kọ́ pẹ́ jù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òun àti bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lójú òfuurufú, kò sì sí ẹni tó tún lè bá a dù ú níbẹ̀. Ohun tí Jover ń kọ́ àwọn olówó kò yàtọ̀ sí èyí. Pápá tiwọn ló tẹ́jú ju tiwa lọ.

Ìdajì iṣẹ́ náà ni dídáàbò bo ilé, òun sì ni kì í jẹ́ ìròyìn. Ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀pọ̀ ikọ̀ sì ń pa wọ́n pọ̀. Bí olúkúlùkù bá ń ṣọ́ ààyè, kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi sáré tàn kúrò níbi ewu, ṣùgbọ́n ó ń dúró lójú kan nígbà tí alátakò ń sáré bọ̀. Bí olúkúlùkù bá ń tẹ̀ lé ẹni tirẹ̀, ó lè bá a fò, ṣùgbọ́n ìdènà kékeré kan ti tó láti yà wọ́n nípa. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kó àwọn tó lè fi orí kan bọ́ọ̀lù jù sí ojú ilé láti ṣọ́ ààyè, tí wọ́n á wá rán àwọn mélòó kan lọ pàdé àwọn tó ń sáré bọ̀, láti fà wọ́n sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé bọ́ọ̀lù kejì. Góòlù tí Leonardo Bonucci fi mú kí Ítálì bá England dọ́gba ní àṣekágbá Euro 2020, ní Wembley ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021, kì í ṣe kọ́nà ọ̀hún tààrà ló wọlé. Orí kàn án, Marco Verratti tún fi orí gbá a, aṣọ́lé lé e mọ́ òpó, Bonucci sì wà níbẹ̀ láti tì í wọlé.

Ẹni tó wà nídìí sẹ́tì-písì Ítálì nígbà náà ló máa jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín kejì. Gianni Vio ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì sì ni ní agbègbè Venice. Láti àárín àwọn ikọ̀ kéékèèké ló ti bẹ̀rẹ̀, títí Walter Zenga fi mú un lọ sí Catania ní ọdún 2008. Ó tún bá Fiorentina ṣiṣẹ́, ó dé Brentford, ó sì bá Antonio Conte ṣe sáà kan ní Tottenham. Ní Catania, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Torino, Gianvito Plasmati bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀ níwájú aṣọ́lé kí onítọ̀hún má baà rí bọ́ọ̀lù, Giuseppe Mascara sì gbá firíkíìkì náà wọlé. Ìtàn yẹn ni gbogbo ènìyàn ń sọ nípa Vio, ó sì dùn mí, nítorí iṣẹ́ sùúrù tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ju ìyẹn lọ.

Jover fúnra rẹ̀, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Berlin, lọ kàwé ní Kánádà, ó sì jẹ́ ẹni tó ń tú fídíò wò fún Montpellier, lẹ́yìn náà fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè Croatia lábẹ́ Niko Kovač. Brentford ló kọ́kọ́ fi sẹ́tì-písì lé e lọ́wọ́ ní ọdún 2016, kí Manchester City tó mú un ní 2019 àti Arsenal ní 2021. Brentford yìí yẹ kí a dúró wò. Matthew Benham tó ni ikọ̀ náà, tí ó tún ra Midtjylland ti Denmark, jẹ́ ẹni tó kàwé nípa físíìsì, tó sì rówó nídìí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ohun tí ó sì rí ni pé àwọn yòókù ń náwó sórí atamátàsé, wọ́n sì ń fi kọ́nà ṣòfò. Midtjylland gba líìgì Denmark fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2015 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ góòlù sẹ́tì-písì. Vio, Jover, Andreas Georgson, Bernardo Cueva ọmọ Mẹ́síkò, gbogbo wọn ló ti gba Brentford kọjá. Keith Andrews, tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Ireland, wà nídìí sẹ́tì-písì níbẹ̀ ní sáà 2024/25. Nígbà tí àkókò tó láti yan akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà tuntun ní 2025, òun ni wọ́n gbé e fún.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé kò jọra. Austin MacPhee ti Aston Villa jẹ́ igbákejì kóòṣì ní Scotland àti ní Northern Ireland kó tó gba iṣẹ́ yìí. Allan Russell tó ṣètò kọ́nà England ní 2018 jẹ́ atamátàsé nígbà ayé bọ́ọ̀lù rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà á fún ni láti kọ́ àwọn atamátàsé. Thomas Grønnemark ará Denmark, tí Liverpool gbà ní ọdún 2018 fún tiróìn nìkan, jẹ́ eléré ìje tó tún wà nínú ikọ̀ bobsled (eré ìje orí yìnyín) orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ rárá, ní ọdún 1950, Charles Reep, oníṣirò owó nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá Swindon pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, ó ń ka gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé. Àbájáde tí ó fà yọ nípa gbígbá bọ́ọ̀lù jìnnà kò dá mi lójú, ṣùgbọ́n òun ló fi hàn pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní pápá ṣeé kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, rárá, kì í ṣe dandan kí ó ti fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ohun tí ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fi ju ẹni tí kò gbá lọ ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń tètè gbà á gbọ́. Ẹni tó ti ìdí fídíò tàbí ìdí ìwé wá gbọ́dọ̀ fi àbájáde iṣẹ́ ra ìgbàgbọ́ wọn. Bí mo bá ní láti yan láàárín ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù púpọ̀ tí kò lè ṣàlàyé àti ẹni tó mọ díẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè lóye, ẹni kejì ni màá gbà. Ìwé-ẹ̀rí ṣì ṣe pàtàkì o. Lọ́dọ̀ tiwa, ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, ni, láti D lọ sí C, B àti A, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè tó wà ní Èkó náà ń kọ́ àwọn kóòṣì. Nínú wọn, a kì í kọ́ni ní sẹ́tì-písì lọ́tọ̀ tó bí ó ṣe yẹ. Ara iṣẹ́ kóòṣì lápapọ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò lọ ṣe ìyókù fúnra rẹ̀.

Ṣé ó kàn wá níbí? Mi ò ní tàn yín: ikọ̀ tó lè san owó oṣù fún ẹni tí kò ṣe ju kọ́nà lọ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kàn wá ju bó ṣe kan àwọn ará Yúróòpù lọ. Lórí pápá tó ní kòtò, tí bọ́ọ̀lù ń ta sókè láìròtẹ́lẹ̀, pàṣípààrọ̀ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ máa ń já, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù ojú òfuurufú fi níye lórí. Tiróìn gan-an, tí àwọn ọmọ wa ń jù bí ẹni ń da omi nù, lè di kọ́nà mìíràn bí ẹ bá ní ọmọ kan tí apá rẹ̀ le. Rory Delap tó da gbogbo Premier League láàmú fún Stoke City láti ọdún 2008 ti ju ọ̀kọ̀ eré ìdárayá nígbà èwe rẹ̀. Lónìí, Michael Kayode, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, ń ṣe irú rẹ̀ fún Brentford. Ẹ wo inú àwọn ọmọ tó ń ju ọ̀kọ̀ ní ọjọ́ eré ìje ilé-ìwé yín, bóyá ẹni tí ẹ ń wá wà láàárín wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún: fífi orí kan bọ́ọ̀lù. Láti ọdún 2020 ni àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí a má ṣe kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní fífi orí kan bọ́ọ̀lù nígbà ìgbaradì, nítorí ọpọlọ wọn. Fún àwọn ọmọ JSS yín, ẹ lo bọ́ọ̀lù fífúyẹ́, kí ó má sì pọ̀; ẹ lè kọ́ wọn ní sísáré dé lásìkò láìsí bọ́ọ̀lù lójú òfuurufú rárá, kí wọ́n fi ọwọ́ mú un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àjákọ ìṣirò kan. Ẹ fa ìlà sí i: irú bọ́ọ̀lù tó jẹ́, ẹni tó gbá a, ibi tí ó balẹ̀ sí, ẹni tó kọ́kọ́ kàn án, ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọmọ kan tí ara rẹ̀ kò yá láti gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà sídìí rẹ̀, kí ẹlòmíràn fi fóònù ya fídíò láti ẹ̀yìn ilé, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́ pápá, torí láti ẹ̀yìn ilé ni ẹ ti máa rí bí wọ́n ṣe ń sáré. Kọ́nà méjì péré ni kí ẹ kọ́ wọn fún odidi táàmù kan, ọ̀kan sí òpó ìtòsí, ọ̀kan kúkúrú, àti ọ̀nà kan ṣoṣo láti dáàbò bo ilé, kí olúkúlùkù lè sọ iṣẹ́ tirẹ̀ fún yín láìwo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Bí ìwé náà bá ti ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà tàbí méje nínú, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ ka ibi tí bọ́ọ̀lù yín ń balẹ̀ sí jù lọ, a ó sì yan kọ́nà kẹta láti ibẹ̀.